Kí ló dé tí à ń pe àbùùbùtán ní ẹja?

Ìbéèrè àbúrò mi kan tó ń gbé Kubwa, l'Ábùjá, rèé. Wọ́n ní kí ọmọ rẹ̀ fi àbùùbùtán inú òkun wé opossum, ẹranko alápò ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí kò ju ológbò lọ. Ọmọ ní, "Mọ́mì, tísà sọ pé àbùùbùtán kì í ṣe ẹja. Kí ló dé tí ẹ fi ń pè é ní ẹja?" Ìyá rẹ̀ tún ń bèèrè bóyá òun lè pe opossum ní òkété.

Àbúrò mi, fetí sí orúkọ náà: à-bù-ì-bù-tán, ohun tí à ń bù tí a kò lè bù tán. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń sọ "àwíìgbọ́" fún ọmọ tí à ń wí fún tí kì í gbọ́. "Ì" àárín yẹn ló ń ṣiṣẹ́ "kò". Fáwẹ́lì inú "bù" ló sọ ọ́ di "ù". Ọ̀bẹ àti agbọ̀n ló sọ ẹranko yìí lórúkọ: ẹran tí gbogbo ìlú bù relé tó ṣì ṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tọrọ oore àbùùbùtán ládùúrà. "Ẹja" tó ṣáájú rẹ̀, inú omi tó ń gbé ló ń sọ. Èmi ò ka ìyẹn sí àṣìṣe.

Tísà náà ò purọ́ o. Àbùùbùtán ń gòkè wá mí, ó ń bímọ, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Èyí tó tóbi jù nínú wọn lè gùn tó mítà 30. Ọmọ rẹ̀ á ti tó mítà 7 lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ọmú nìkan lá sì fi máa sanra ní nǹkan bíi kílò 90 lójúmọ́. Ọmọ opossum ńkọ́? Oyún bí ọjọ́ 13 péré, ọmọ kò ju kòkòrò oyin lọ. Ojú rẹ̀ ò tíì là, síbẹ̀ á máa wọ́ gba inú irun ìyá rẹ̀ títí dénú àpò tó wà níkùn. Orí ọmú 13 ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọmọ tí kò bá rí ọ̀kan dì mú, ó kú nìyẹn. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á.

Má pè é ní òkété. Òkété, tí àwọn Hausa àdúgbò yín ń pè ní gafiya, ìdílé eku ló ti wá. Òun náà lápò, àmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni tiẹ̀ wà. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lọ́jà Gwagwalada. Bí wọ́n ṣe dà á dorí kodò, ẹ̀pà mẹ́fà jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Oúnjẹ ló ń fi kó wọ ihò, kì í ṣe ọmọ.

Àmọ́ sọ òwe rẹ̀ fún ọmọ náà: "Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu." Òbí tó ti darúgbó, tí ọmọ wá ń tọ́jú, ni à ń pa á fún. Nígbà tí o gbé ìyá rẹ kúrò n'Íwòó wá sí Kubwa, tí ò ń po ògì fún un láràárọ̀, òwe yẹn ló ń ṣẹ.

Kí ọmọ kọ "ẹranko alápò" fún opossum, kó sì kọ "àbùùbùtán" láìfi "ẹja" ṣáájú. Tó bá délé, kó máa pè é bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu màmá àgbà.