Èló ni kí n ta òwò ọjà ọmọ mi orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ní Àbújá ni mo ń gbé, mo ń ta ìlédìí, aṣọ ọmọ, fídà àti mílíìkì ọmọ lórí Instagram àti WhatsApp. Wọ́n ti gbé ọkọ mi lọ sí Ìbàdàn lẹ́nu iṣẹ́, ẹnìkan sì fẹ́ ra òwò náà. Ó ní iye àwọn tó ń tẹ̀lé mi lòun máa fi díye lé e. Ṣé ó tọ́?

Ìdáhùn: Kò tọ́ rárá. Èrè tí sítétímẹ́ǹtì báǹkì yín lè jẹ́rìí sí ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀, ti oṣù méjìlá gbáko. Ọyẹ́ máa ń mú kí súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tà wìtìwìtì lápá ibí, nítorí náà oṣù Kejìlá nìkan kò lè júwe ọdún.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ń ta ₦900,000 lóṣù. Owó tí ẹ fi ra ọjà jẹ́ ₦630,000. Gbígbé ọjà, dátà àti ọ̀rá gba ₦80,000. Ó ku ₦190,000. Ẹ yọ owó iṣẹ́ ara yín, bíi ₦100,000, torí ẹnìkan ni yóò máa ṣe iṣẹ́ yẹn lẹ́yìn yín. ₦90,000 tó kù ni èrè, ìyẹn ₦1,080,000 lọ́dún. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ni oníbàárà mọ̀, èrè ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ ló bójú mu lójú tèmi. Owó ọjà tó wà nílẹ̀ dúró lọ́tọ̀, ní iye tí ẹ rà á.

Ìdí ọjà tó wà nílẹ̀ yìí ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ kà á, kẹ́ ẹ sì jọ wo ọjọ́ ara agolo mílíìkì níkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹ dà á nù. Èyí tó ku oṣù mélòó kan, ẹ dín owó rẹ̀ kù.

Nọ́ńbà WhatsApp ló níye lórí jù, òun náà ló sì léwu jù. Bó bá jẹ́ òun lẹ fi ṣe BVN, ẹ kọ́kọ́ lọ pààrọ̀ rẹ̀ ní báǹkì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kóòdù owó yín yóò máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó ni láìnì náà kí wọ́n yí i sórí NIN olùrà, kí ẹ sì yọ PIN tí ẹ fi ti WhatsApp. Ní ti Instagram, òfin wọn kò gba kéèyàn ta àkáǹtì. Kí olùrà ṣí tirẹ̀, kí ẹ sì fi oṣù kan darí àwọn oníbàárà síbẹ̀.

Bí ẹ bá ti forúkọ òwò náà sílẹ̀ ní CAC, ẹ jẹ́ kí lọ́yà bá yín yí orúkọ ẹni tó ni ín padà níbẹ̀. Ọrùn yín ni gbèsè àtẹ̀yìnwá wà, ẹ san án tán kẹ́ ẹ tó lọ. Alẹ́ẹ̀tì orí fóònù nìkan kò tó: kí ẹ rí owó nínú áàpù báǹkì yín kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu ìwé láìnì.