Ẹni tí wọ́n ń gé rọ́bà rẹ̀ ni ọ̀gá ìjà

Ẹ kú ìmúra o. Ìbéèrè yín yé mi: ẹ̀yin mẹ́rin ti ra régúlétọ̀ ayé àtijọ́ (ohun tí amòòkùn fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà lábẹ́ omi), irú èyí tó ní rọ́bà méjì tó yí ọrùn ká. Ẹ fẹ́ fi ṣe eré ìjà abẹ́ omi bíi ti Sea Hunt, eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ nípa amòòkùn, nínú ìsun omi kan ní Florida, ẹ sì ń bèèrè bóyá ẹ lè gé rọ́bà ara yín lóòótọ́ bí bọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀tá áàkítọ̀, ṣe máa ń gé ti áàkítọ̀ nínú fíìmù. Ẹ tún bèèrè aṣọ tí ẹ máa wọ̀.

Ẹ má dán an wò. Rọ́bà tí ènìyàn ń mí láti inú rẹ̀, ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà tí ẹ lè fi ṣe é tí ẹni tó ń wòran á fi pariwo. Ó ti pẹ́ tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń ṣe eré yìí. Mo ti mu omi ìsun yó nídìí rẹ̀, etí mi ọ̀tún sì máa ń ro mí títí dòní nítorí ẹnì kan tó wọ́ mi lọ sísàlẹ̀ kí n tó ráyè di imú kí etí là.

Láti ìgbà náà la ti fi í ṣòfin pé ẹni tí wọ́n ń “pa” ni ọ̀gá ìjà. Bọ́ọ̀sì tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ kò darí nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n rọ́ lu ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ rọ́bà lẹ́nu, òun ni yóò ju orí sẹ́yìn, òun ni yóò pinnu ìgbà tí wọ́n máa yí gbiri. Ọwọ́ bọ́ọ̀sì kàn wà lórí ọwọ́ rẹ̀ ni, kò fa ohunkóhun. Kámẹ́rà kò lè mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tó ń jẹ ìyà náà mọ̀ ọ́n, torí òun nìkan ló mọ̀ bóyá òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mí sínú tàbí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mí jáde tán. Tí wọ́n bá já rọ́bà gbà lẹ́nu ènìyàn lẹ́yìn tó mí jáde tán, kì í ṣe eré mọ́.

Ẹ mọ ohun tó wà lẹ́yìn yín dáadáa. Irú régúlétọ̀ yìí wá láti inú iṣẹ́ tí Cousteau tó jẹ́ amòòkùn àti Gagnan tó jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1943. Rọ́bà ọwọ́ ọ̀tún ló ń gbé afẹ́fẹ́ wá sí ẹnu, ti òsì ló ń kó èémí padà sẹ́yìn, ẹ̀yìn orí sì ni ìfófó ti ń jáde. Ìdí nìyí tí àwọn oníkámẹ́rà fi fẹ́ràn rẹ̀: ojú áàkítọ̀ mọ́ kedere. Tí ẹ bá lo ti òde òní, ìfófó á máa gba iwájú ojú kọjá, ìjà náà á sì dà bí ìkòkò tó ń hó. Láti 1958 dé 1961 ni wọ́n fi ṣe Sea Hunt, apá 155, Lloyd Bridges ló sì ṣe Mike Nelson, áàkítọ̀ inú rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n gé nínú rẹ̀ kò ṣeé kà.

Wàyí o, bí ẹ ṣe máa rí ìfófó ńlá yẹn láìgé nǹkan. Afẹ́fẹ́ inú rọ́bà náà kò ní agbára ju ti omi tó yí i ká lọ. Tí ẹ bá yọ ọ́ lẹ́nu tí ẹ gbé e ga ju orí lọ, omi tó wà lókè níbẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ tó bí omi ẹ̀yìn yín ṣe ń tẹ régúlétọ̀, nítorí náà afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde fúnra rẹ̀, á máa ru gùdù. Ohun tí ẹ ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ gbé kámẹ́rà sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, kí èjìká rẹ̀ bo ẹnu rọ́bà, ó parí. Àwòrán ọ̀bẹ tó ń wọ inú rọ́bà, ẹ yà á lọ́tọ̀: sílíńdà lórí iyanrìn, ògbólógbòó rọ́bà tí kò wúlò mọ́ lára rẹ̀, kò sí ọmọ ènìyàn kankan tó ń mí nínú rẹ̀. Ọ̀bẹ tó kù nínú eré yẹn, igi tí a kùn ni kó jẹ́. Ìbọn ọ̀kọ̀ ẹja, ẹ tú rọ́bà tó ń ta á kúrò kó tó wọ omi.

Láti dá rọ́bà padà sẹ́nu, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ń tú yẹn lé omi jáde, ẹ fi sẹ́nu, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dúbúlẹ̀ kí omi tó kù ṣàn lọ sínú rọ́bà òsì, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn tagbára-tagbára. Ẹ ṣe é títí á fi sú yín kí ẹnikẹ́ni tó di ẹnikẹ́ni mú.

Ìbẹ̀rù gbogbo ènìyàn ni ọ̀bẹ. Èmi ò bẹ̀rù ọ̀bẹ igi. Èémí tí ènìyàn há mọ́ra ni mo ń bẹ̀rù. Ní mítà 10, ìfúnpá jẹ́ ìlọ́po méjì ti orí omi. Afẹ́fẹ́ tó kún ẹ̀dọ̀fóró níbẹ̀ á fẹ́ di ìlọ́po méjì bí ẹ bá dé òkè, tí ẹnu bá sì wà ní pípadé, ẹ̀dọ̀fóró lè ya. Mítà kan lé díẹ̀ péré lè ṣe é. Nítorí náà, ẹni tí rọ́bà kò sí lẹ́nu rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tú ìfófó kéékèèké jáde ní gbogbo ìgbà. Ẹ kúnlẹ̀ lórí iyanrìn jà, níbi tí kò jìn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gòkè nígbà tí ìjà ń lọ. Ibi tí áàkítọ̀ ti máa sá lọ sókè, ẹ yà á nígbà mìíràn, pẹ̀lú rọ́bà lẹ́nu rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹni tí kò bá jà rí kì í mọ̀. Àwọn sílíńdà àtijọ́ ní irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ máa fà wálẹ̀ láti rí afẹ́fẹ́ ìpamọ́, torí wọn kò ní ohun tó ń fi iye afẹ́fẹ́ hàn. Nínú gídígbò, ọwọ́ á kan irin yìí, á sọ̀ kalẹ̀, ẹ ò ní mọ̀. Mo rí ọ̀rẹ́ mi tó nawọ́ sí i nígbà tí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í le, tó bá a nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀: afẹ́fẹ́ ìpamọ́ ti lọ. Rọ́bà tèmi la jọ ń gbà lẹ́nu ara wa títí a fi débi ìmọ́lẹ̀. Áàkítọ̀ kì í kú nínú fíìmù, ẹ̀yin kì í ṣe áàkítọ̀, ẹ̀mí ò sì ní sípéà. Ẹ fi géèjì òde òní tó ń fi iye afẹ́fẹ́ hàn sí i, kí ẹ fi pamọ́ sí abẹ́ apá. Ẹ fi ẹnu rọ́bà kejì náà sí i bí régúlétọ̀ yín bá gbà á.

Ẹ̀yin mẹ́rin péré lẹ jẹ́, nítorí náà méjì ni kó jà, ọ̀kan á di kámẹ́rà mú, ẹnì kẹrin á kàn máa wò wọ́n pẹ̀lú irinṣẹ́ òde òní lára. Òun ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣòro jù, ẹ má fún ẹni tí ara rẹ̀ ń yún láti jà. Tí ẹnikẹ́ni bá ti lu ẹnì kejì lẹ́ẹ̀mejì pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lórí, ìjà parí.

Ti ibi tí ẹ máa lọ: wọ́n ya apá kan Sea Hunt ní Silver Springs, ṣùgbọ́n ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ ni báyìí, ará ìta ò kàn lè já wọ omi níbẹ̀. Devil's Den àti Blue Grotto ní Williston máa ń gba àwọn amòòkùn tó ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó mú ìbọn ọ̀kọ̀ dání. Omi àwọn ìsun yẹn wà ní bíi digíríì 22 látọdún dé ọdún, ìhòòhò àyà bíi ti Mike Nelson á sì dùn fún ìgbà díẹ̀ kí eyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá.

Ìyẹn ló mú mi dé orí aṣọ tí ẹ bèèrè. Ẹ yẹ ìjà ńlá inú Thunderball, fíìmù James Bond, wò, èyí tí Ricou Browning darí lábẹ́ omi Bahamas, tó jáde ní 1965: ìhà kan wọ dúdú, ìhà kejì wọ àwọ̀ ọsàn. Láìsí ìyẹn, nígbà tí gíláàsì bá ti bo ojú gbogbo ènìyàn, ta ló máa mọ ẹni tó ń na ẹnì kan? Ní omi tí kò jìn tó sì mọ́ bíi ti ìsun yẹn, àwọ̀ ọsàn á hàn dáadáa. Ẹ rà á fún bọ́ọ̀sì.