Ọ̀bẹ Ọdẹ: Inú Èèkù Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń dáhùn ìbéèrè wa, mo kí yín o. Òkè-Fìà ní Ọ̀ṣogbo ni mò ń gbé. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń bá àbúrò bàbá mi ṣọdẹ ní oko wa lójú ọ̀nà Ìkìrun, òyà àti òkété la sì sábà máa ń rí pa. Àdá nìkan ni mo ń mú dání. Mo wá fẹ́ ra ọ̀bẹ ńlá kan tí kì í ká, èyí tí mo lè fi gé igi, tí mo lè fi la ẹran, tí mo sì lè mú lọ nígbà tí a bá sùn sóko. Mo rí ọ̀kan ní Ọjà Ọba tó ń dán yinrin: irin rẹ̀ gùn tó íǹṣì 10, eyín bíi ti ayùn wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, inú èèkù rẹ̀ ṣófo, wọ́n sì kó ìwọ̀ ìpẹja àti ìṣáná síbẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní kí n má rà á, pé kí n lọ sí agbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?
Ọdẹ Tuntun, Ọ̀ṣogbo

ÌDÁHÙN

Òótọ́ ni àbúrò bàbá yín sọ, ó sì yẹ kí ẹnìkan ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín, nítorí irú ọ̀bẹ tí ẹ ṣàpèjúwe yìí gan-an ni èmi náà fowó ara mi rà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ igbó. Ọjọ́ kẹta tí mo mú un jáde ni mo fi ṣá ẹ̀ka igi kan tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ mi lọ. Èèkù ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́, irin fò lọ, díẹ̀ ló kù kó ba orúnkún ẹni tó dúró tì mí. Nígbà tí mo wo ojú ibi tó ti kán, irin tó wọ inú èèkù kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi dè é.

Irin ọ̀bẹ kì í tán síbi tí èèkù ti bẹ̀rẹ̀. Apá kan rẹ̀ wọ inú èèkù lọ níbi tí ojú kò tó, apá yẹn ló sì ń gba gbogbo agbára tí ẹ bá fi ṣá nǹkan. Fún iṣẹ́ agbára, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba dé ìdí èèkù, tí wọ́n fi pákó méjì há a láàrin, tí wọ́n sì fi ìṣó kàn án já ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ bá wo ẹ̀yìn èèkù náà, ẹ ó rí irin bí ìlà kan láàrin igi méjì. Kì í ṣe pé èyí tí irin rẹ̀ tín-ín-rín nínú èèkù kò wúlò rárá o. Ọ̀bẹ Ka-Bar tí àwọn ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1942, tí irin rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 7, tín-ín-rín ni irin inú èèkù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó la èèkù já, wọ́n sì dè é pa ní ìdí. Èèkù tó ṣófo kò lè ní irú irin bẹ́ẹ̀ nínú, torí náà ìwọ̀ àti ìṣáná tí wọ́n kó sí ti ọjà yẹn, ipò irin ni wọ́n gbà.

Eyín ayùn ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Kò ní gé igi kan tó nípọn, yóò kàn máa há sínú rẹ̀ ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ la igi ìdáná, tí ẹ fẹ́ fi kùmọ̀ lu ẹ̀yìn ọ̀bẹ kó lè wọlé, eyín yìí ni yóò máa jẹ kùmọ̀ náà.

Ní ti gígùn, àdá wà lọ́wọ́ yín, àdá ló sì ni iṣẹ́ igi ṣíṣá. Ọ̀bẹ yín, iṣẹ́ ẹran ló ni ṣáájú, kó tó wá ran àdá lọ́wọ́ níbi tí àdá bá ti tóbi jù. Ẹ wo bí a ṣe ń la òyà. Lẹ́yìn tí a bá ti wí irun rẹ̀ tí a sì ti fá a mọ́, a ó dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, a ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ dá ojú kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ikùn, a ó ki ìka méjì bọ ibẹ̀ láti gbé awọ ikùn kúrò lórí ìfun, ọ̀bẹ yóò sì máa tẹ̀lé àárín ìka méjèèjì díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ á kọjú sókè, títí yóò fi dé igbá-àyà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń na ìka ìfábẹ̀lá lé ẹ̀yìn ọ̀bẹ kó lè mọ ibi tí ṣóńṣó wà. Lórí irin íǹṣì 10, ìka yín kò lè súnmọ́ ṣóńṣó náà rárá. Yóò gún ìfun tàbí òróòro kí ẹ tó mọ̀, ẹran tí ẹ fi gbogbo òru wá yóò sì di kíkorò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má kọjá íǹṣì 7. Íǹṣì 5 sí 6 ni èmi ń lò, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 13 sí 15, ẹ̀yìn rẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà 4. Bí ó bá nípọn ju 5 lọ, yóò máa la ẹran bí àáké ni, kò ní gé e.

Ọ̀rọ̀ irin fúnra rẹ̀ wá kàn. Irin tí kì í tètè dípẹtà ni èyí tí kúrómíọ̀mù inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún sókè. Ó dára fún ẹni tí kò ní àkókò láti tọ́jú ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ lọ́jà nínú rẹ̀ rọ̀, kì í pẹ́ kú. Irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ (èròjà tó ń mú kí irin le) pọ̀ máa ń dípẹtà, àmọ́ ó rọrùn láti pọ́n létí odò pẹ̀lú òkúta kékeré, ẹnu rẹ̀ sì máa ń pẹ́. Òun ni mo yàn fún ọdẹ, òun náà sì ni àbúrò bàbá yín ní lọ́kàn tí wọ́n fi dárúkọ agbẹ̀dẹ.

Bí ẹ bá ń lọ sí agbẹ̀dẹ, ẹ mú sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù tó ti gbó dání, èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò ti sán níbì kan. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì tó fún ọ̀bẹ. Ẹ má gba irin ìkọ́lé, irú èyí tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ irin Ọ̀ṣogbo sílẹ̀ láti máa ṣe: ilé ló wà fún, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré, bó ti wù kí wọ́n fi iná sun ún tó, ẹnu rẹ̀ kò ní le. Ẹ bẹ alágbẹ̀dẹ kó má ri sípíríǹgì sínú omi, torí omi lè mú kó là. Òróró ni kó rì í sí, lẹ́yìn tó bá ti pọ́n débi tí mágínẹ́ẹ̀tì kò fi lè fà á mọ́. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òróró le, ṣùgbọ́n bó bá já bọ́ lórí àpáta, ó lè fọ́ bí àwo. Nítorí náà, ẹ ní kó nu ojú rẹ̀ mọ́, kó sì tún fi irin náà yá iná díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bíi ti koríko gbígbẹ. Bó bá lọ di àwọ̀ aró, irú èyí tí àwọn aláró Ọ̀ṣogbo ń rẹ aṣọ sí, ó ti rọ̀ jù fún ẹnu ọ̀bẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni irú èyí bá mu. Alágbẹ̀dẹ tó dáńtọ́ mọ gbogbo èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ẹ bi í bí yóò ṣe rì í, ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá kí ẹ dúró. Nígbà tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ fi fáìlì tuntun fa ẹnu ọ̀bẹ náà díẹ̀. Bí fáìlì bá jẹ ẹ́ bí ìgbà tó ń jẹ ìṣó, ẹ dá a padà.

Fún èèkù, igi apá dára, ó le, kì í sì í tètè wú nínú òjò. Kí wọ́n jẹ́ kí iwájú èèkù yọ síta díẹ̀, kí ọwọ́ má baà yọ̀ lọ sórí ẹnu ọ̀bẹ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dán èèkù náà wò, ẹ fi omi ọṣẹ pa àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ tó dì í mú, torí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń rí lọ́wọ́ nìyẹn.

Bí ẹ bá ń gbé e kọjá láàárín ìgboro, inú àkọ̀ ni kó wà, kí àkọ̀ náà sì wà nísàlẹ̀ àpò pẹ̀lú ẹrù oko, kì í ṣe ní ìbàdí lórí ọ̀kadà. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà kò mọ̀ yín sí ọdẹ.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀bẹ ọdẹ ọkọ mi máa ń dípẹtà nínú àkọ̀ aláwọ tí wọ́n rán fún un, pàápàá ní ìgbà òjò. Mo ń fọ̀ ọ́, mo ń nù ún, síbẹ̀ náà ni. Àwọ̀ eérú kan tún ti bo ojú rẹ̀.
Ìyàwó Ọdẹ, Ìgbọ̀nà, Ọ̀ṣogbo

ÌDÁHÙN

Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ní ti ọkọ yín, àkọ̀ ló ń ba ọ̀bẹ jẹ́. Awọ máa ń mu omi, kì í sì í tètè gbẹ, àwọn èròjà tí wọ́n fi ṣe awọ náà sì máa ń jẹ irin. Àkọ̀ wà fún ìrìn nìkan. Bí ọ̀bẹ bá ti délé, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ torí iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òrí fẹ́ẹ́rẹ́ pa á, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ wé e kọ́ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Mo yan òrí torí òróró ẹ̀pà máa ń dì mọ́ irin bó bá pẹ́. Kí ẹ sì sá àkọ̀ náà síbi òjìji títí yóò fi gbẹ dénú.

Àwọ̀ eérú yẹn kì í ṣe àléébù. Bí irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ pọ̀ ṣe máa ń dàgbà nìyẹn, ó sì máa ń dí ìpẹtà pupa lọ́wọ́ díẹ̀. Ìpẹtà pupa nìkan ni kí ẹ fi eérú àti kàn-ìn-kàn-ìn bó kúrò. Ẹ má fi irin ìfọkòkò ha èyí tó kù.