Àbúrò mi, dá agbo jẹ̀díjẹ̀dí yẹn dúró ná

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí o kọ kí n tó lè dáhùn. O ní láti ìgbà tí o ti bí àkọ́bí rẹ, oṣù mẹ́fà rèé, isó kì í ṣeé mú dúró mọ́, pé nígbà mìíràn ìgbẹ́ á ti ba pátá rẹ jẹ́ kó o tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. O ní o ti pa ìrun tì, àti pé ìyá ọkọ rẹ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n sì ń ra agbo fún ọ láràárọ̀. Ohun tó ṣe mí gan-an nìyẹn. Ọmọ tí mo bí nígbà náà ti pé ọmọ ọdún 14.

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi mu agbo. Gbági ni mo ti ń ta aṣọ, n kò sì jẹ́ fi nǹkan kan kan ẹnu títí màá fi ti ṣọ́ọ̀bù, torí bí mo bá ti jẹun báyìí ni inú á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Aṣọ dúdú ni mo máa ń wọ̀, ìró kan á sì wà nínú báàgì mi. Bí wọ́n bá pè mí sí òde, ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ni màá kọ́kọ́ béèrè, kí n tó béèrè aṣọ ẹbí. Ọkọ mi rò pé mo ń sá fún òun ni.

Púpọ̀ nínú agbo jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣí inú. Ìgbẹ́ á wá ṣàn bí omi, bẹ́ẹ̀ iṣan tí kò lágbára mọ́ kò lè dá omi dúró bó ṣe lè dá ìgbẹ́ tó ki dúró. Bí mo ṣe ń mu ún tó ni tèmi ń burú tó. Sọ fún ìyá ọkọ rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Mọ́mì, ọmọ ń mu ọmú lára mi, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ mí wò ná."

Iṣan méjì ló yí ihò ìdí ká bí òrùka. Ti inú ń dá ṣiṣẹ́, kódà bí a bá sùn. Ti òde ni èyí tí àwa fúnra wa ń fún pọ̀ nígbà tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n wá. Bí ọmọ bá tóbi, tàbí tí wọ́n fi irin fà á jáde, ojú ara lè ya dé ibi iṣan wọ̀nyí. Ìpele mẹ́rin ni àwọn dókítà pín yíya náà sí. Ìkẹta àti ìkẹrin ló ń kan iṣan ìdí. Ìkẹta ni tèmi. Níbi tí mo bímọ sí, wọ́n rán awọ òkè, wọn kò yẹ iṣan wò. Mo sunkún lọ́jọ́ tí dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, torí mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ni mo dá.

Ẹni tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ní ilé ìwòsàn ló kọ́ mi bí a ṣe ń fún iṣan náà lókun. Fún ihò ìdí pọ̀ bí ẹni tó ń dá isó dúró. Má fún itan pọ̀, má sì dá èémí dúró. Ka 10, tú u sílẹ̀, sinmi, tún un ṣe títí yóò fi pé ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. N kò lè kà kọjá 3 níbẹ̀rẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó rí ìyàtọ̀, nítorí náà má jẹ́ kó sú ọ.

Inú máa ń jí lẹ́yìn oúnjẹ, pàápàá ti àárọ̀. Mo wá ń jẹun ní kùtùkùtù; bó bá tó ìṣẹ́jú 20, màá lọ jókòó, màá gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré, inú á sì tán kí n tó lọ ọjà. Mo ń kọ ohun tí mo bá jẹ sílẹ̀. Wàrà àti ata ló ń dà mí láàmú. Tìrẹ lè yàtọ̀. Omi ni kó o fi ṣan ìdí, má fi kàn-ìn-kàn-ìn ha á, fi aṣọ rírọ̀ tẹ omi náà gbẹ, kó o fi Vaseline ra á.

Dókítà fún mi ní loperamide, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, fún ọjọ́ tí mo bá ní òde. Má dá a rà ní kẹ́míìsì o. Yàtọ̀ sí pé ò ń fún ọmọ lọ́mú, ìgbẹ́ líle lè dí inú, kí omi máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jò, kéèyàn rò pé ìgbẹ́ gbuuru ni. Oògùn yẹn á tún dí i pa.

Ní ti ìrun, àlùfáà wa ní kí n ṣe àlùwàlá nígbà tí àkókò ìrun bá wọlé, kí n sì kírun. Ohun tó bá jáde láìṣe ìfẹ́ mi kò bà á jẹ́. Padà sórí ẹní rẹ.

Bí isó tàbí ìgbẹ́ bá ń gba ojú ara jáde, ihò ti lu láàrin ojú ara àti ọ̀nà ìgbẹ́ nìyẹn, iṣẹ́ abẹ ló sì máa ń dí i. Má fi falẹ̀ rárá. Bákan náà ni bí o bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ìdí àti itan rẹ bá kú, tí o kò mọ̀ ọ́n lára mọ́.

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, má sọ pé "inú ń yọ mí lẹ́nu." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ bẹ́ẹ̀, oògùn aràn ni wọ́n fún mi. Sọ pé: "Ìgbẹ́ ń jáde lára mi láìṣe ìfẹ́ mi, lẹ́yìn ìbímọ ló bẹ̀rẹ̀, ẹ bá mi yẹ iṣan ìdí mi wò."

Kò tíì lọ tán lára mi. Isó ṣì máa ń bọ́ nígbà mìíràn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbé ọmọ kejì mi kí iṣan náà má baà tún ya. Ṣùgbọ́n mo ń jẹun lóde báyìí, ọkọ mi sì ti mọ ohun tó ṣe mí. Lọ lọ́sẹ̀ yìí, kó o sì padà wá sọ ohun tí wọ́n bá rí fún mi.