Ẹṣin tí ò tíì fìdí rẹmi rí: ṣé bàǹkà ni ní Cheltenham?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Birmingham ni mò ń gbé. Ẹnì kan nínú grúùpù WhatsApp wa ní òun ní bàǹkà kan, ìyẹn ẹṣin tó dá a lójú pé ó máa jẹ, fún ìje nọ́fìsì ní Cheltenham, pápá ìje ẹṣin ńlá ní England, lóṣù Kẹta. Ó ní ẹṣin náà ti sá ìje fẹ́ǹsì (ìje tí ẹṣin ti ń fo ìdènà gíga) mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jẹ, èyí tó sá kẹ́yìn, léǹtì 20 ló fi ju ẹni tó tẹ̀lé e lọ. £50 ló ń gbà kó tó dárúkọ rẹ̀. Ṣé kí n san án? Báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ ẹṣin tó dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀. Ẹṣin tó sá mẹ́ta tó jẹ mẹ́ta, orúkọ ẹ̀ ti wà nínú Racing Post, ìwé ìròyìn ìje ẹṣin, fún gbogbo ayé láti kà, kí lẹnì kan wá ń tà ní £50? Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú gan-an ni, torí lọ́dọọdún tí àsìkò yìí bá ti tó, irú ìbéèrè yìí ni mo máa ń rí ṣáá, àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń fi “bàǹkà” gbowó lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wo fídíò ìje kí n sì sọ ohun tí mo rí fáwọn tó ni ẹṣin. Mi ò kí ń ta tip, mi ò sì sọ pé kẹ́nikẹ́ni lọ ta tẹ́tẹ́ o.

Nọ́fìsì kì í ṣe ẹṣin tí ò mọ nǹkan kan. Ẹṣin tí ò tíì jẹ ìje fẹ́ǹsì kankan kí sáà yìí tó bẹ̀rẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá pátápátá ni nínú ìje họ́dùù lọ́dún tó kọjá, àmọ́ họ́dùù ò ga púpọ̀, bí ẹsẹ̀ bàtà 3 àbọ̀ ni, tí ẹṣin bá fẹsẹ̀ gbá a, á tẹ̀ fún un. Fẹ́ǹsì, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 4 àbọ̀ ni, igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n kì mọ́ra wọn gbọingbọin, tó o bá gbá a, òun náà á gbá ẹ.

Wàyí o, léǹtì 20 tó ń tàn yín lójú yẹn. Léǹtì kan ni gígùn ẹṣin kan látimú dé ìdí. Ṣé o tiẹ̀ béèrè pé ẹṣin mélòó ló sá ìje ọ̀hún? Ìje nọ́fìsì nígbà òtútù, ẹṣin mẹ́rin, márùn-ún, ìgbà míì mẹ́ta péré ló máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀kan lè ṣubú, jọ́kì tó wà nípò kejì á ti rí i pé ọwọ́ òun ò lè tó ẹni iwájú mọ́, á dẹwọ́, kò ní máa na ẹṣin tó ṣì máa sá ìje míì láìpẹ́, tílẹ̀ bá tún wá rọ̀ tó di ẹrẹ̀, ẹṣin tó ti rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn bọ̀ nílé ni. Ibẹ̀ ni léǹtì 8 ti ń di 20. Ẹni kejì ló dúró, kì í ṣe ẹni kìíní ló fò bí ẹyẹ.

Èyí tó burú jù ni pé ẹṣin tó ń dá sá níwájú ń rí gbogbo fẹ́ǹsì kedere, òun ló ń yan ibi tó wù ú láti fò. Òótọ́ ni pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, àmọ́ ní Cheltenham ẹṣin yín lè há sáàárín mẹ́sàn-án mẹ́wàá, ìdí ẹlòmíì lá máa wò títí fẹ́ǹsì á fi yọ sí i lójijì, eré náà á sì yá ju gbogbo èyí tó ti sá rí lọ.

Wo ẹṣin kan tó ń jẹ́ Envoi Allen ní 2021. Ìje 11 ló ti sá, ó jẹ gbogbo ẹ̀, mẹ́ta nínú ẹ̀ lórí fẹ́ǹsì gẹ́gẹ́ bíi tìẹ yìí. Òun lowó pọ̀ lé lórí jù nínú ìje Marsh, ìje nọ́fìsì kan ní Cheltenham, fẹ́ǹsì kẹrin ló ti ṣubú, Chantry House ló jẹ ìje ọ̀hún. Ẹṣin burúkú kọ́ o, torí ó padà wá jẹ Ryanair Chase níbẹ̀ ní 2023. Lọ́jọ́ méjì ṣáájú ìṣubú yẹn, Shishkin tí òun náà ò tíì fìdí rẹmi lórí fẹ́ǹsì jẹ Arkle, ìje nọ́fìsì míì níbẹ̀, wẹ́rẹ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà lórí fẹ́ǹsì, ọ̀kan jẹ, ọ̀kan ṣubú. Ní 2025 ńkọ́? Majborough làwọn èèyàn fowó lé jù nínú Arkle, ó kọsẹ̀ burúkú ní fẹ́ǹsì tó ṣìkejì èyí tó gbẹ̀yìn, ipò kẹta ló bá bọ̀, Jango Baie gun òkè wá gbà á lọ.

Tèmi, mi ò kí ń wo òpin ìje kọ́kọ́. Fẹ́ǹsì tí ẹsẹ̀ ẹṣin ò bá mu ni mo máa ń wá. Dá fídíò dúró níbẹ̀, kó o wò ó díẹ̀díẹ̀. Ẹṣin tó gbọ́n, tó bá ku bí ìṣísẹ̀ méjì tó rí i pé òun ti sún mọ́ ọn jù, á fi ìṣísẹ̀ kúkurú kan kún un, á ká ẹ̀yìn rẹ̀, á fò ó, kó tó o ṣẹ́jú ó ti tún ń sáré lọ, jọ́kì ò sì ní mira lórí ẹ̀. Èyí tí ò tíì mọ̀ ọ́n á kàn na ara ẹ̀ látòkèèrè, á fàyà gbá igi, imú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko, jọ́kì á tú ìjánu sílẹ̀ kó má bàa fò lọ. Tí mo bá rí ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì nínú ìje ẹṣin mẹ́rin, kò sí léǹtì tí wọ́n lè kà fún mi. Tún wò ó bóyá ó ń yà sọ́tùn-ún tó bá ń fò, torí apá òsì ni wọ́n ń yí sí ní Cheltenham, gbogbo yíyà yẹn á máa jẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, òkè gígùn sì ń dúró dè é lópin.

Tó bá jẹ́ pé wàá ṣáà fi £5 ṣeré, tó o ti pé ọdún 18, tí kì í ṣe owó ilé, dúró dìgbà tí wọ́n bá kéde àwọn tó máa sá gan-an. Nọ́fìsì kan lè forúkọ sílẹ̀ fún Arkle tó jẹ́ bíi máìlì 2 àti Brown Advisory tó jẹ́ bíi máìlì 3, tírénà, ẹni tó ń kọ́ ẹṣin, lè mú ìkejì lọ́jọ́ tó kù díẹ̀. Tó o bá ti ta á sí èyí tí kò sá látoṣù Kìíní, owó ti lọ nìyẹn, àyàfi tí wọ́n bá kọ Non Runner No Bet sára ẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n á dá owó padà tí ẹṣin ò bá sá.