Má san kọ́bọ̀ fún bọ̀dá yẹn: bí ọmọ Ìkòròdú ṣe lè wọ inú ìwádìí ọpọlọ

Àbúrò, o ní o wà ní 300 level nínú sáíkọ́lọ́jì, pé Ìkòròdú nilé yín, pé o ń wá ibi tí wọ́n á ti gbà ọ́ fún IT (ìkọ́ṣẹ́ tí iléèwé ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe) tàbí iṣẹ́ ìwádìí lórí ọpọlọ kí o tó dé 400 level, àti pé bọ̀dá kan ní kí o mú owó wá kí òun bá ọ gba àyè sí Amẹ́ríkà.

Má fún un ní kọ́bọ̀. Ètò REU, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tí NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ń náwó sí, ọmọ onílùú Amẹ́ríkà àti ẹni tó ti gba ìwé ìgbélùú títí ayé níbẹ̀ ni owó náà wà fún. Amgen Scholars ti Amẹ́ríkà náà rí bẹ́ẹ̀, ti Yúróòpù sì ń béèrè pé kí èèyàn ti máa kàwé ní yunifásítì lọ́hùn-ún. DAAD RISE ti Jámánì, akẹ́kọ̀ọ́ láti Amẹ́ríkà, Kánádà, Bìrìtéènì àti Ireland ló ń gbà. Ìwọ tó ń kàwé nílé, tó jẹ́ pé páálí Nàìjíríà nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ, kò sí ibi tí bọ̀dá yẹn fẹ́ gbé ọ gbà wọ ibẹ̀. Àwọn tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé ni OIST, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ní Okinawa ní Japan, àti ISTernship, ètò akẹ́kọ̀ọ́ ti ilé ìwádìí ISTA ní Austria. Àwọn méjèèjì ní yàrá ìwádìí ọpọlọ tó dáńgájíá, àwọn ló sì ń náwó sórí akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kì í sanwó fún wọn kí wọ́n tó gbà á. Orí ìkànnì tiwọn gan-an ni kí o ti kọ fọ́ọ̀mù. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ òkè òkun. Ilé ni wàhálà wà.

Má wá ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ “Neuroscience” sí. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, inú Anatomy, Physiology, Pharmacology àti Biochemistry làwọn tó ń fi eku ṣèwádìí ọpọlọ fara pamọ́ sí. Àwọn tó ń wádìí lára èèyàn wà lọ́dọ̀ àwọn neurologist, àwọn psychiatrist, àti nínú ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì tìrẹ. Orúkọ èèyàn ni kí o wá, má wá orúkọ ilé.

Gbogbo ọmọ Ìkòròdú ló ń wọ BRT, wọ́n á sọ̀ ní Fádéyí, ó di ọsibítù àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá. Kò burú, àmọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Èkó ló ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ìdí-Àràbà wà, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Unilag wà. Ti LASU wà ní Ìkẹjà. Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni Ṣàgámù: láti Ọ̀dọ̀gùnyàn, ọ̀nà Ògíjo ló gbé ọ débẹ̀, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti yunifásítì Olabisi Onabanjo sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Ẹ̀pẹ́ lè gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ síbẹ̀ dípò kó máa jìyà ọ̀nà Ajah. Ọmọ Àgbádárìgì, LASU ní Ọ̀jọ́ wà lójú ọ̀nà yín. Tí o bá ní ẹbí tó lè gbà ọ́ sílé ní Abẹ́òkúta, ọsibítù àrùn ọpọlọ ní Àrò, níbi tí Thomas Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú ní 1954, ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́.

Nǹkan kan rèé tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún ọmọ sáíkọ́lọ́jì. IT ní ọsibítù yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìwádìí. Ní ọsibítù, wàá jókòó ti onísáíkọ́lọ́jì, wàá wo bó ṣe ń fi ọ̀rọ̀ wá aláìsàn lẹ́nu wò, wàá ka fáìlì, wàá tẹ̀ lé wọn yí wọ́ọ̀dù ká. Ó wúlò gidigidi fún ẹni tó fẹ́ di onítọ̀jú. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà lè kọjá kí o má fọwọ́ kan dátà rárá. Ìwádìí lo sọ pé o fẹ́, nítorí náà wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí ìwádìí ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kó tiẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ lo lè máa yọjú. Kí o sì tètè bi ọ́fíìsì SIWES iléèwé yín, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó IT, bóyá ẹ̀ka rẹ wà lórí ìwé wọn. Ní ibòmíì, abẹ́ social sciences ni sáíkọ́lọ́jì wà, SIWES kò sì kàn wọ́n. Ẹlòmíì á ti lo gbogbo oṣù mẹ́fà tán kó tó gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà wá kù. Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ ka ibí yìí, torí ibẹ̀ ni àkókò àwọn ọmọ ń ṣòfò sí, inú sì ń bí mi títí dòní tí mo bá rántí.

Lẹ́tà tí iléèwé kọ “sí ẹnikẹ́ni tó bá kàn”, inú dúrọ́ọ̀ ló máa sùn sí. Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí Medical Director ní tààrà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan olórí ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì. Kí o tó mú un lọ rárá, lọ rí onísáíkọ́lọ́jì náà lójúkojú. Tó bá ti sọ pé òun lè gba ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ti rọrùn, torí òun ni fáìlì yóò padà wá bá. Tí kò bá mọ̀ ọ́ rí, yóò kọ “kò sí àyè” sára lẹ́tà náà, ó parí. Mú ẹ̀dà mẹ́ta dání. Ọ̀kan fún wọn. Èkejì, kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ “a ti gbà á” mọ́ ọn pẹ̀lú déètì àti nọ́ńbà fáìlì, kí o sì gbé e lọ sílé. Ẹ̀kẹta fún ọjọ́ tí wọ́n bá sọ pé ti àkọ́kọ́ ti sọnù. Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀dà olóǹtẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn tó sọ ọ́ nù á sì máa bá a wí.

Tí o bá padà lọ béèrè, má bi wọ́n pé “ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i?” Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á ti dá ọ lóhùn pé ọ̀gá ò sí nílé. Bi wọ́n pé “ọ́fíìsì wo ni fáìlì wà báyìí?” Torí ó ń rìn: láti ọwọ́ akọ̀wé lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá pátápátá, láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́, lọ sọ́dọ̀ onísáíkọ́lọ́jì, kó tó tún padà. Ọ̀sẹ̀ kan ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan kò ṣọ̀wọ́n. Bí wọ́n bá daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín, kíkà bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Nítorí náà, oṣù mẹ́rin ṣáájú ni kí lẹ́tà ti wọlé. Tí ọsibítù bá ń gbowó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, báǹkì ni kí o san án sí, kí o gba rìsíìtì. Kò sí “owó fáìlì” tí a ń kó lé òjíṣẹ́ lọ́wọ́ nínú kọ́rídọ̀.

Ìwé àṣẹ ethics, ìyẹn àṣẹ tí ìgbìmọ̀ ń fúnni kí èèyàn tó ṣèwádìí, ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n míì ti ń ṣi ọmọ lọ́nà. Wọ́n á ní “lọ pín questionnaire, a óò wá nǹkan ṣe sí ethics tó bá yá.” Rárá o. Kò sí àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn. Dátà tí o kó ṣáájú àṣẹ, o ò lè tẹ̀ ẹ́ jáde níbi tó bójú mu. Ohun tí ìgbìmọ̀ sábà máa ń béèrè ni àlàyé iṣẹ́ náà, ìbéèrè tí o fẹ́ lò, ìwé ìyọ̀ǹda ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, ìwé ẹ̀rí pé o ti kọ́ nípa ìlànà ìwádìí, ìwé ìgbésí-ayé iṣẹ́ ẹni tó ń bójú tó ọ, àti owó wọn. Fi oṣù méjì sí mẹ́ta sílẹ̀ fún un.

Ohun tó ń mú kí wọ́n dá ìwé padà jù ni ìtúmọ̀ tí kò péye. Mú PHQ-9 bí àpẹẹrẹ, ìbéèrè mẹ́sàn-án tí a fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Nàìjíríà ní 2006. Ẹni tó bá fi ìwé atúmọ̀ èdè tú ìbéèrè kejì á kọ pé “ṣé o lọ sílẹ̀?” Màmá ọlọ́jà ní Sábó á sọ fún ọ pé òun ò ṣubú. “Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì”, bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Jẹ́ kí ẹnì kan tú u sí Yorùbá, kí ẹlòmíì tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tú u padà, kí ẹ wá fi méjèèjì wéra. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, àtẹ̀ka ìka rẹ̀ àti ẹlẹ́rìí kan ni kí ìwé ìyọ̀ǹda ní.

Ìbéèrè kẹsàn-án nínú PHQ-9 ń bi èèyàn bóyá ó ti ronú pé ikú sàn fún òun. Kí lo máa ṣe tí ẹnì kan bá ní òun ti ronú bẹ́ẹ̀? Ìgbìmọ̀ máa bi ọ́, ó sì tọ́ kí wọ́n bi ọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú: ta ni wàá pè lọ́jọ́ náà gan-an, ilé ìwòsàn wo lo máa mú un lọ, ta ló máa tẹ̀ lé e. Má kó fọ́ọ̀mù dé ilé kí o tó mọ̀ pé ẹnì kan dáhùn bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀. Ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá dá a padà fún ọ ni kí o ti wo ìlà yẹn.

Mo tún rántí: má ya fọ́tò nínú wọ́ọ̀dù, má gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn sórí status, kódà bí o bá yọ orúkọ kúrò. Òfin ààbò dátà ti 2023 wà, àwọn ẹbí aláìsàn náà sì ń ka WhatsApp.

Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn eléku lo ti rí àyè, béèrè nípa iná kí o tó gba iṣẹ́. Ọpọlọ eku tó ń dúró de ELISA (àyẹ̀wò tí a fi ń wọn èròjà inú rẹ̀) nínú firísà -80 kò lè fara da kí iná lọ ní alẹ́ Fúráídé kó má dé títí di Mọ́ńdè. Á yọ́, á tún dì, àwọn èròjà inú rẹ̀ á bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á ṣì fún ọ ní nọ́ńbà, ìwọ á sì rò pé òótọ́ ni. Níbi tí firísà kò bá ní iná tirẹ̀, gba iṣẹ́ ìhùwàsí bí Y-maze (ọ̀nà onígun mẹ́ta tí a fi ń wo bí eku ṣe ń rántí nǹkan), tàbí iṣẹ́ microscope, níbi tí a ti fi oògùn paraformaldehyde 4% pa ọpọlọ mọ́ kó má bàjẹ́. Wákàtí kan náà lójoojúmọ́ ni kí o máa dán eku wò, kí o ká a sí fídíò, kí ẹni tí kò mọ èyí tó gba oògùn wá kà á.

Níbi tí EEG bá wà, ẹ̀rọ tí a ń lẹ̀ mọ́ orí láti ka iná mànàmáná inú ọpọlọ, iná NEPA tiwa jẹ́ 50 Hz, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 60. Tí o bá da kóòdù tí wọ́n fi ń yọ ariwo iná kọ bó ṣe wà, ariwo iná á jókòó sínú dátà rẹ. Ọ̀rọ̀ irun náà wà ńbẹ̀. Weavon àti attachment kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kan awọ orí, àwọn olùwádìí míì á kàn yọ ẹni náà kúrò. Arnelle Etienne, akẹ́kọ̀ọ́ ní Carnegie Mellon, ló ronú pé kí wọ́n di irun ní ìlà tó bá ibi tí ẹ̀rọ máa jókòó mu. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tìrẹ ni, irun dídì ló sì fi yanjú ohun tó ti ń da àwọn ọ̀gá láàmú. Sọ fún àwọn tó fẹ́ kópa kí wọ́n di irun ní ìlà bẹ́ẹ̀ wá, láìsí òróró.

Lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n: kó má ju ọ̀rọ̀ 200 lọ. Ka iṣẹ́ rẹ̀ kan, sọ ohun kan tó ya ọ́ lẹ́nu nínú rẹ̀. Bí o bá ń kọ̀wé sí Ìbàdàn, mọ̀ pé láti 1992 ni wọ́n ti ń fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis lórí àrùn ìgbàgbé, àti pé ní 2001 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ti Ìbàdàn kéré sí ti Indianapolis. Lẹ́yìn náà, sọ iṣẹ́ tí o lè ṣe. O gbọ́ Yorùbá, o lè tẹ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n gbà sílẹ̀ jáde pẹ̀lú àmì ohùn. Àwọn tó lè ṣe ìyẹn dáadáa kò pọ̀, iṣẹ́ náà sì máa ń pẹ́ nílẹ̀. Tí kò bá fèsì, kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Má fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ sí ogún èèyàn.

Kọ́ R tàbí Python díẹ̀, àwọn èdè kọ̀ǹpútà tí a fi ń yẹ dátà wò, ìyẹn kò nílò àlàyé.

Òkè òkun wàyí. Neuromatch Academy, ẹ̀kọ́ nípa fífi kọ̀ǹpútà ṣèwádìí ọpọlọ, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà láti 2020, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù Keje. Wọ́n máa ń dín owó rẹ̀ kù gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè tí èèyàn wà, gbogbo ẹ̀kọ́ wọn sì wà lórí ìkànnì lọ́fẹ̀ẹ́. Bí wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ni, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, nítorí náà má fi kún IT. Google Colab, kọ̀ǹpútà Google tí a ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń gbé iṣẹ́ náà, kọ̀ǹpútà kékeré tó. Dátà ló ń jẹ owó, wá ibi tí Wi-Fi wà. Dátà ìwádìí gidi wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí OpenNeuro. Àwòrán fMRI, tó ń fi bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, tóbi gan-an, mú ti EEG tàbí ti ìhùwàsí kọ́kọ́ ṣe. Tí o bá ti ṣe ọ̀kan parí tí ó wà lórí GitHub rẹ, ìkànnì tí a ń tọ́jú kóòdù sí, ìgbà yẹn ni kí o kọ fọ́ọ̀mù OIST àti ISTA, torí ohun tí wọ́n á fẹ́ rí ni iṣẹ́ tí o ti fọwọ́ ara rẹ ṣe. Ẹni tó máa kọ lẹ́tà àtìlẹ́yìn fún ọ, fún un ní oṣù kan, àkọsílẹ̀ ohun tí o bá a ṣe, àti ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù máa pa dé, kí o sì rán an létí nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan.