Ọ̀rọ̀ Ìṣáájú Inú Ìwé Òfin: Ṣé Ìjúbà Lásán Ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan ní Àkọkà béèrè pé, nígbà tí àwọn àgbà ti sọ pé bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó bẹ̀rẹ̀ ìwé òfin orílẹ̀-èdè lè ṣílẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ fún ẹni tó bá gbé e lọ síwájú adájọ́, tàbí ọ̀ṣọ́ lásán ni?

Ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe, àmọ́ òun nìkan kì í dá ẹjọ́. Ẹni tó ń júbà ń fi ẹni tó rán an níṣẹ́ àti ìdí iré rẹ̀ hàn, síbẹ̀ ìjúbà kọ́ ni iré. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìṣáájú ṣe ń sọ ẹni tó ṣòfin àti ohun tó torí rẹ̀ ṣe é, nígbà tí ẹ̀tọ́ àti àṣẹ wà nínú àwọn abala tó tẹ̀ lé e. Bí abala kan bá yé yékéyéké, adájọ́ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú yí i padà. Bí ó bá lè gba ìtumọ̀ méjì, èyí tó bá ìdí òfin náà mu ni yóò mú.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gbẹ́ni Jacobson, tó kọ̀ láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná, gbára lé ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ṣùgbọ́n ní 1905 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kì í ṣe ibẹ̀ ni agbára ìjọba ti ń wá. Àwọn adájọ́ Íńdíà sọ ní 1960 pé ọ̀rọ̀ ìṣáájú kò sí lára ìwé òfin wọn. Ní 1973, nínú ẹjọ́ tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kesavananda pè, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní ara ìwé òfin náà ni.

Ìwé òfin tiwa ní Nàìjíríà, ti 1999, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Àwa ènìyàn”, bẹ́ẹ̀ ìjọba ológun Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar ló fi òfin ológun nọ́ńbà 24 gbé e jáde, láìsí pé ará ìlú dìbò lé e lórí. Ẹ̀dùn ọkàn àwọn tó ń sọ pé “àwa” yẹn kì í ṣe òótọ́ tọ́ sí wọn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Síbẹ̀ èmi kò ní torí ìyẹn da ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà nù, nítorí pé ó wúlò fún aláìlágbára ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ó sọ pé torí ìjọba rere àti ire gbogbo ènìyàn tó wà ní orílẹ̀-èdè wa, lórí òmìnira, ìdọ́gba àti ìdájọ́ òdodo, ni a fi ṣe ìwé òfin náà. Kò sọ pé ire ọmọ Nàìjíríà nìkan.

Ká ní wọ́n ti ará Tógò kan tó ń tajà ní Balógun mọ́lé láìgbé e lọ sí kóòtù, tí agbẹjọ́rò ìjọba sì ń jiyàn pé àlejò kò ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú onílé. Abala 35 ni agbẹjọ́rò ọkùnrin náà yóò kọ́kọ́ ṣí, níbi tí a ti kọ ọ́ pé olúkúlùkù ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí òmìnira ara rẹ̀. Abala 42, tó ní ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni òun ń bá wí, yóò fi hàn án pé àwọn tó kọ ìwé náà mọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ yọ àlejò sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí adájọ́ létí.